Ó le, àmọ́ kò yi: ohun tó wà nídìí ìwà irin, iyọ̀, gíláàsì àti rọ́bà

Awo a máa fọ́, okùn a máa já, igi a máa ṣẹ́, aṣọ a máa ya, wáyà a máa tẹ̀, iyọ̀ a máa rún. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tó máa sọ pé awo já tàbí pé okùn fọ́. Ọmọ kékeré pàápàá á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kí ló wà nínú awo tó fi jẹ́ pé fífọ́ ló máa fọ́? Kí ló wà nínú wáyà tó fi gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́? Kí ló dé tí rọ́bà fi ń fà, tó tún ń padà sí bó ṣe wà?

Èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé ohun tí wọ́n fi ṣe é ló fà á. Òótọ́ ni, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fà á sórí ìwé. Ohun dúdú tó kù sórí ìwé yẹn ni gíráfáìtì, tí wọ́n po amọ̀ díẹ̀ mọ́. Kábọ́ọ̀nù, ohun tó pọ̀ jù nínú èédú, lásán ni gíráfáìtì. Dáyámọ́ǹdì náà, kábọ́ọ̀nù lásán ni. Lọ́dún 1797, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Smithson Tennant, jó dáyámọ́ǹdì títí tó fi di afẹ́fẹ́ tán. Ó wọn afẹ́fẹ́ náà, ó sì rí i pé iye tó jáde kò yàtọ̀ sí èyí tí èédú tí ìwọ̀n wọn dọ́gba máa mú jáde. Síbẹ̀, kí ni ẹ lè tọ́ka sí pé àwọn méjèèjì fi jọra? Ọ̀kan mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, èkejì dúdú. Ọ̀kan ń ha gíláàsì. Èkejì, ìka ọwọ́ lásán ló ń nù ún kúrò. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba ara rẹ̀ kọjá. Èkejì ń gbé e kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé ibòmíì ni ìyàtọ̀ wà. Ó wà nínú irú ìdè tó so átọ́ọ̀mù kan, ìyẹn hóró tíntìntín tí gbogbo nǹkan fi wà, mọ́ èkejì, ó sì wà nínú bí àwọn átọ́ọ̀mù náà ṣe tò.

Nínú dáyámọ́ǹdì, átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin míì mú. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì jẹ́ 0.154 nánómítà, bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fojú inú wo àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí òpó kan nà ró lórí rẹ̀: mẹ́ta ya sísàlẹ̀, ọ̀kan dojú kọ òkè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe di ara wọn mú, síwá, sẹ́yìn, sókè, sódò, láti etí kan òkúta náà dé etí kejì. Kò sí ibi tí nǹkan ti lè yọ̀ tẹ̀rẹ́ kọjá lára èkejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó rọrùn láti fi ha á.

Nínú gíráfáìtì, mẹ́ta péré ni átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dì mú, gbogbo wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí afárá oyin, ihò onígun mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò onígun mẹ́fà. Àwọn afárá yìí wá tò léra wọn bí ewé ìwé. Lórí ewé kan, àlàfo átọ́ọ̀mù sí átọ́ọ̀mù jẹ́ 0.142 nánómítà, láti ewé kan dé èyí tó wà lókè rẹ̀, 0.335 nánómítà ni. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹni tó bá rí bí pẹ́ńsù ṣe rọ̀ á rò pé ìdè inú rẹ̀ ló dẹ̀. Rárá o. Ìdè tó wà lórí ewé gíráfáìtì fún pọ̀ ju ti dáyámọ́ǹdì lọ, ó sì lágbára jù ú lọ. Àárín ewé sí ewé ni kò ti sí ìdè gidi. Wọ́n kàn fara ti ara wọn ni. Nígbà tí ẹ ń fa pẹ́ńsù, ẹ kò já ìdè alágbára wọ̀nyẹn, ńṣe lẹ kàn ń yọ ewé kúrò lórí ewé. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, ní yunifásítì Manchester fi sẹ́lótéèpù ṣí gíráfáìtì, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń ṣí i, títí wọ́n fi rí ewé kan ṣoṣo tó nípọn tó átọ́ọ̀mù kan péré. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2010. Ewé kan ṣoṣo yẹn wà lára àwọn ohun tó lágbára jù lọ tí èèyàn tíì fà wò, inú pẹ́ńsù tó rọ̀ ló sì ti jáde.

Ti iná mànàmáná náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn hóró tó tún kéré sí i, tó yí àárín átọ́ọ̀mù ká. Mẹ́rin ni átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ní tó lè fi ṣe ìdè. Dáyámọ́ǹdì ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Gíráfáìtì lo mẹ́ta, ìkẹrin ń rìn káàkiri lórí ewé, òun ló ń gbé iná náà.

Mo ti ń pe ìdè, ìdè, láìsọ ohun tó jẹ́. Àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ní agbára iná tí wọ́n ń fi àmì + kọ. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí i ká ní èyí tí wọ́n ń fi àmì − kọ. Ohun tó bá ní + àti ohun tó bá ní − ń fa ara wọn. Àwọn tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà ń lé ara wọn. Gbogbo ìdè tó wà nínú nǹkan tó dúró gbagidi, látorí òkúta dórí rọ́bà, inú fífà àti lílé yìí ló ti wá. Ohun tó ń mú kí ìdè kan yàtọ̀ sí èkejì ni ohun tí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn nígbà tí wọ́n pàdé. Kábọ́ọ̀nù méjì tó pàdé á jọ máa lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì pọ̀, èyíkéyìí nínú wọn kò ní lè gbé e lọ. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ máa ń dojú kọ ibi kan pàtó, ó sì ṣòro láti já.

Ti iyọ̀ yàtọ̀. Sódíọ́ọ̀mù àti kulorín ló para pọ̀ di iyọ̀ tí a mọ̀. Sódíọ́ọ̀mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò dì mú dáadáa. Kulorín ń wá ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, sódíọ́ọ̀mù á yọ̀ǹda rẹ̀, á di +. Kulorín á gbà á, á di −. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n á máa fa ara wọn. Wọ́n á tò kalẹ̀, +, −, +, −, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́fà tí àmì wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ yí i ká: ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ìsàlẹ̀.

Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sórí ìwé dúdú, kí ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ dà bí àpótí kéékèèké, igun wọn dọ́gba. Kò sí ẹni tó gbẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìtò átọ́ọ̀mù inú wọn ló fara hàn síta. Kí ọdún 1912 tó dé, ńṣe ni wọ́n ń méfò nípa ìtò yẹn. Ọdún náà ni Max von Laue, ará Jámánì, fi hàn pé bí X-ray bá gba inú irú hóró bẹ́ẹ̀, ó máa ń tú ká sí àmì tó létò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Henry Bragg àti ọmọ rẹ̀, William Lawrence Bragg, lo ọgbọ́n náà láti fi mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà nínú iyọ̀. Nígbà tí bàbá àtọmọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915, ọmọ ọdún 25 ni èyí ọmọ.

Ní báyìí, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ hóró kan. Kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìda. Ńṣe ló máa dúró gan-an, á dúró, lójijì á fọ́ sí méjì mẹ́ta, bí ẹ bá sì wo èyí tó fọ́, ojú rẹ̀ á tún tẹ́jú, igun rẹ̀ á tún dọ́gba. Ìdí rẹ̀ rèé: bí ìlà kan bá sún ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, + tó ti ń wo − tẹ́lẹ̀ á wá máa wo +, − náà á máa wo −. Fífà ti di lílé. Ìlà méjèèjì á ta kúrò lára ara wọn. Ìdè tó lágbára náà ló tún fa fífọ́, nítorí kò gbà kí ẹnikẹ́ni kúrò láàyè rẹ̀.

Ó lágbára lóòótọ́. Iyọ̀ kì í yọ́ títí ooru á fi dé 801°C. Bí ó bá wá jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n yọ̀ǹda, bíi ti mágínísíọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn, fífà á le sí i gan-an. Ohun tó ń ti ara àwọn méjèèjì jáde kì í yọ́ títí á fi kọjá 2800°C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bíríkì rẹ̀ tẹ́ inú iná ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Irin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí ohun tí ojú ń rí. Àwọn átọ́ọ̀mù irin, bàbà, wúrà àti fàdákà (gbogbo wọn ni mò ń pè ní irin níbí) kì í mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fún ẹnì kan pàtó. Wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ti gbogbo wọn. Átọ́ọ̀mù ń bẹ ní ìtòtò, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣàn láàárín wọn bí omi láàárín òkúta, omi yìí ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Torí náà, bí ìlà kan bá sún ní ìṣísẹ̀ kan, kò sí ìjà. Ibi tuntun kò yàtọ̀ sí ibi àtijọ́. Wáyà tẹ̀, kò fọ́. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn fàlàlà yìí kan náà ló ń gbé iná mànàmáná, àwọn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tí irin fi ń dán, àwọn ló sì ń gbé ooru. Bí ẹ bá fọwọ́ kan irin àti igi nínú yàrá kan náà, irin á tutù lọ́wọ́ yín ju igi lọ, bẹ́ẹ̀ ooru wọn dọ́gba. Ọwọ́ yín ni irin ń gba ooru lára rẹ̀ kíákíá.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ní 1926, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Yakov Frenkel, ará Rọ́ṣíà, ṣírò agbára tó yẹ kó gbà kí odidi ìlà átọ́ọ̀mù kan tó lè yọ̀ kọjá lórí èkejì. Èsì rẹ̀ ga ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an lọ. Irin tó mọ́ máa ń tẹ̀ pẹ̀lú agbára tí kò tó ìdá ọgọ́rùn-ún ohun tí ìṣirò sọ, nígbà míì kò tó ìdá ẹgbẹ̀rún. Kí ló ń ran ọwọ́ wa lọ́wọ́? Lọ́dún 1934, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, Geoffrey Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, rí ìdáhùn náà láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é.

Bí kápẹ́ẹ̀tì ńlá bá tẹ́ sílẹ̀, tí ẹ fẹ́ sún un díẹ̀ sápá kan, ẹ kò ní fà á lódindi. Ó wúwo jù. Ẹ máa ká etí rẹ̀ sókè kó lè wú díẹ̀, ẹ á wá fẹsẹ̀ ti wíwú náà lọ títí dé etí kejì. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ti sún. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ wà nínú irin láti ìgbà tó ti dì: ibi tí ìlà átọ́ọ̀mù kan ti dópin láàárín ọ̀nà, tí ìtò kò pé. Bí ẹ bá tẹ irin, àbùkù yìí ló ń rìn, ìdè díẹ̀díẹ̀ ló ń já tó sì ń tún ara rẹ̀ so. Ìtò tó ní àbùkù ló ń jẹ́ kí irin ṣeé lù, kó ṣeé nà, kó ṣeé tẹ̀.

Ẹ mú wáyà bàbà tín-ín-rín kan, èyí tí kò ní rọ́bà lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ nà án, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbì kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ á rọrùn. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ máa rí i pé ojú ibẹ̀ ti ń gan, ó fẹ́ràn kó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá dáwọ́ dúró, á kán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àbùkù yẹn ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó, tí kò sí èyí tó lè rìn mọ́. Irin tí àbùkù inú rẹ̀ kò lè rìn kò lè tẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó kán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi iná yan wáyà náà títí tó fi pọ́n kí ó tó kán, àwọn átọ́ọ̀mù á rí àyè tún ara wọn tò, kókó á tú, wáyà á tún rọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe èyí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ átọ́ọ̀mù.

Ọ̀nà míì láti dí àbùkù lọ́wọ́ ni kí wọ́n gbé àlejò sí ọ̀nà rẹ̀. Wúrà tó mọ́ rọ̀ jù láti fi ṣe òrùka tó máa tọ́jọ́, wọ́n á po bàbà tàbí fàdákà mọ́ ọn. Wúrà kárátì 18, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ wúrà. Irin pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù díẹ̀, tí kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń di sítíìlì. Bí wọ́n bá yan sítíìlì pọ́n, tí wọ́n sì rì í bọ omi lójijì, kábọ́ọ̀nù kò ní ráyè sá kúrò, á há sáàárín irin, sítíìlì náà á sì le gan-an. Ṣùgbọ́n ó lè kán bí gíláàsì. Wọ́n ní láti tún un yan ní ooru tó mọ níwọ̀n kó tó lè yi.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bọ̀ wá bá nìyẹn. Nínú Yorùbá, "ó le" kì í ṣe "ó yi". Ohun tó le kò ṣeé ha, kò ṣeé tẹ̀ wọnú. Ohun tó yi, ẹ lè lù ú, kí ẹ nà án, kí ẹ fà á, kò ní tètè já, kò ní tètè fọ́. Àwọn onímọ̀ ń wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ àwa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ pé kò sí nǹkan àdáyébá tó wọ́pọ̀ tó le tó dáyámọ́ǹdì lè rò pé òòlù kò lè fọ́ ọ. Òòlù á fọ́ ọ. Ó le, àmọ́ kò yi, torí kò sí àbùkù kankan tó lè rìn nínú rẹ̀ láti gba ìyà náà fún un.

Gíláàsì náà bẹ́ẹ̀. Láti ara iyanrìn ló ti wá, sílíkọ́nì àti ọ́síjìn. Nínú òkúta kúọ́tísì, àwọn méjì yìí tò lẹ́sẹẹsẹ. Nínú gíláàsì, wọ́n dì kí wọ́n tó ráyè tò, ìtò wọn dàrú bíi ti omi tí wọ́n dá dúró lójijì. Ìdè rẹ̀ lágbára púpọ̀. Kí ló wá dé tó fi ń fọ́ bẹ́ẹ̀? Ní 1921, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Griffith, ṣàlàyé pé ojú gíláàsì kún fún ìsán kéékèèké, ìyẹn ibi tó ti lanu díẹ̀, tí ojú kò lè rí. Bí ẹ bá fa gíláàsì, gbogbo agbára yẹn á kóra jọ sí ṣóńṣó ìsán kan, á já ìdè kan, á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun kan náà là ń ṣe fún ìwé tí a fi èékánná ya díẹ̀ létí kí a tó fà á ya. Gíláàsì tín-ín-rín bí òwú, tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú iná, tí nǹkan kò tíì hà, lágbára ju gíláàsì fèrèsé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Nígbà tí wọ́n mọ èyí, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á yan gíláàsì títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ojú á kọ́kọ́ dì. Nígbà tí inú bá ń tutù lẹ́yìn náà, á fẹ́ sún kì, á máa fa ojú wọlé. Ojú gíláàsì á wá wà ní fífúnpọ̀ títí láé, ìsán tó bá fẹ́ lanu, fífúnpọ̀ náà á pa á dé. Bí ó bá sì fọ́ níkẹyìn, agbára tó wà ní ìpamọ́ inú rẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di hóró kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí gígùn tó mú ṣóṣóró. Òun ni wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìdè tó so wọ́n pọ̀ kò tó nǹkan. Àbẹ́là ń yọ́ torí fífara ti ara wọn lásán ni ohun inú rẹ̀ ń ṣe, bíi ti ewé gíráfáìtì. Yìnyín ní ìdè tó dára díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì tò pẹ̀lú àyè láàárín. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú nígbà tó bá ń dì, tó sì ń léfòó lórí omi.

Ike àti rọ́bà so méjèèjì pọ̀. Okùn gígùn ni wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ní ìlà kan. Lára okùn kan, ìdè náà lágbára bíi ti dáyámọ́ǹdì. Láàárín okùn kan àti èkejì, fífara tira ni. Ẹ fi ìka méjì fa ọ̀rá rírọ̀ kan díẹ̀díẹ̀. Á gùn, á funfun ní àárín, á wá le lọ́wọ́ yín: àwọn okùn tó wé mọ́ra ti ń nà sójú kan. Irú okùn kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kò lè wọ̀, kìkì pé ti ẹ̀wù gùn gan-an, wọ́n sì ti nà án tán kí gbogbo rẹ̀ lè dojú kọ ibì kan.

Ti rọ́bà, okùn rẹ̀ ń jó nínú rẹ̀ nígbà gbogbo nítorí ooru, ó ń wé, ó ń tú. Bí ẹ bá fà á, ẹ ti nà án. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, jíjó náà á ká a padà. Ẹ fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójijì, kí ẹ fi kan ètè: á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láyé àtijọ́, rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nínú ooru, nítorí àwọn okùn ń yọ̀ kọjá lára ara wọn. Ní 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá fi imí-ọjọ́ sí i, tí wọ́n sì yan án, kò ní lẹ̀ mọ́. Imí-ọjọ́ ti so okùn mọ́ okùn níbì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àyè tó kù sílẹ̀ fún jíjó.

Ṣùgbọ́n òtútù lè dá jíjó náà dúró. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986, òwúrọ̀ tutù gan-an ní Florida nígbà tí wọ́n rán ọkọ̀ òfuurufú Challenger lọ sókè. Òrùka rọ́bà kan tó yẹ kó dí ojú oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gan nínú òtútù, kò lè wú padà kíákíá láti dí àlàfo, iná gba ibẹ̀ jáde. Èèyàn méje ló kú. Nígbà tí wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, Richard Feynman, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ tó ń wádìí náà, mú wẹ́wẹ́ rọ́bà irú èyí, ó fi irin fún un pọ̀, ó sì rì í bọ inú ife omi oníyìnyín níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó yọ ọ́ jáde, ó tú irin náà. Rọ́bà náà kò padà sí bó ṣe wà. Fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ó wà bí irin ṣe fún un sí.